Pípààrọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ bó ṣe yẹ: ìtọ́sọ́nà fún ará Ìkòròdú

Ìbéèrè yìí kò yéé wọlé: "Ọ̀gá, lówà áàmù tuntun ni mo rà o, kò tíì tó oṣù mẹ́ta, ó tún ti ń dún kọ̀ kọ̀ kọ̀. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni?" (Lówà áàmù ni apá irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀.) Ẹni tó ń gba ọ̀nà Ìjẹ̀dè ń béèrè, ẹni tó ń gba Ìtóìkín lọ Ẹ̀pẹ́ ń béèrè, àwọn tó ń kó èrò láti Gáréèjì lọ Máìlì 12 náà kò gbẹ́yìn.

Nígbà mìíràn, wọ́n lù yín ní jìbìtì lóòótọ́. Ayédèrú ẹrù wà nígboro. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ń tú kì í ṣe ayédèrú rárá. Ẹrù dáa, ọwọ́ tó dè é ni kò tẹ̀lé ètò. Ètò yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, yálà ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é, tàbí ẹ máa dúró ti mẹkáníìkì yín títí yóò fi parí. Bí ẹ kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, ẹ lọ tààrà sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ búṣìn, rọ́bà tó wà níbi tí áàmù ti so mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ ni owó yín ń bá lọ jù.

Àwọn ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn ni Corolla, Camry, Sienna àti irú wọn: táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀, sípíríǹgì sì wà lára ṣọ́ọ̀kù iwájú. Accord 2003 sí 2007 ní áàmù òkè ní tirẹ̀, nítorí náà ìgbésẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n òfin búṣìn kan náà ló ń tẹ̀ lé.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun: èwo ló bàjẹ́ gan-an?

Ariwo abẹ́ ọkọ̀ máa ń purọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ló ti ń dún, etí yín á ní ọwọ́ òsì ni. Ẹ má ra ẹrù nítorí ariwo nìkan. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí:

1. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti igun kan sílẹ̀ gidigidi, kí ẹ wá yọwọ́. Bó bá gòkè tó sì dúró, ṣọ́ọ̀kù ṣì lágbára. Bó bá ń jó sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti kú.
2. Ẹ wo ara ṣọ́ọ̀kù. Ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ tí eruku lẹ̀ mọ́ kì í ṣe ẹjọ́. Ọ́ìlì tó ṣàn dé ìsàlẹ̀ ni ẹjọ́.
3. Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀. Ẹ di orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ mì í. Bó bá ń ṣe gbọ̀-gbọ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tó so áàmù mọ́ ẹsẹ̀ táyà) ni tàbí béárìn (èyí tó ń jẹ́ kí táyà yí). Ẹ ní kí ẹnìkan tẹ bírẹ́kì mọ́lẹ̀ kí ẹ tún mì í. Bí gbọ̀-gbọ̀ náà bá lọ, béárìn ni. Bí kò bá lọ, ẹ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì.
4. Ẹ di ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì táyà mú, kí ẹ mì í. Bó bá ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, táì-rọ́ọ̀dù (irin tí sítíárìn fi ń yí táyà) ni tàbí irin tó so ó mọ́ ráàkì, ẹ̀rọ sítíárìn tó wà lábẹ́ ọkọ̀.
5. Ẹ fi ọ̀pá irin wọ́ lówà áàmù níbi tó ti so mọ́ abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo rọ́bà búṣìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tó lanu, ó ti tán.
6. Ẹ sọ ọkọ̀ sílẹ̀, kí ẹnìkan máa yí sítíárìn nígbà tí ọwọ́ yín wà lára sípíríǹgì. Bí sípíríǹgì bá ń di ara rẹ̀ mú tó sì ń fò gbì, máúńtìnì orí ṣọ́ọ̀kù, ìdè tó so ó mọ́ ara ọkọ̀, ló lẹ̀.

Èyí tó máa ń dún kọ̀ kọ̀ lórí gbágungbàgun kékeré, tó sì máa ń dákẹ́ lórí ọ̀dà tó dán, líńkéèjì ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí: irin kékeré tó so ọ̀pá tó gba ọ̀tún dé òsì ọkọ̀ (sitábíláísà) mọ́ ṣọ́ọ̀kù tàbí áàmù. Ó kéré, owó rẹ̀ kéré, àmọ́ ariwo rẹ̀ ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn ra ṣọ́ọ̀kù mẹ́rin láìnídìí.

Ríra ẹrù

Ẹ gbé ògbólógbòó dání lọ sọ́dọ̀ oníspéà-páàtì, yálà ní Ìkòròdú níbí tàbí ní Ládípọ̀ ní Mushin. Bí ẹ kò bá lè tú u kí ẹ tó lọ, ẹ kọ nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ sílẹ̀. Ọdún ọkọ̀ nìkan kò tó, nítorí Corolla ọdún kan náà lè gba ẹrù ọ̀tọ̀ bó bá jẹ́ pé orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Ṣọ́ọ̀kù iwájú ní ọ̀tún, ó ní òsì. Ọwọ́ òsì ni ti ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà. Ẹ wo L àti R tí wọ́n tẹ̀ sí i lára kí ẹ tó sanwó, kó má di pé ẹ gbé R méjì délé.

Méjì-méjì ni kí ẹ máa ra ṣọ́ọ̀kù: ti iwájú lápapọ̀, tàbí ti ẹ̀yìn lápapọ̀. Bí ọ̀kan bá le tí èkejì sì rọ̀, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹ bá tẹ bírẹ́kì lójijì. Ní ti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, táì-rọ́ọ̀dù àti lówà áàmù, ẹ lè pààrọ̀ ẹyọ kan bí èkejì bá ṣì le dáadáa.

Nípa tòkunbọ̀: mo lè ra nọ́kùlù (irin ńlá tó di hóbù táyà mú) tòkunbọ̀, mo lè ra sípíríǹgì tòkunbọ̀ tí kò sán, tí kò ṣẹ́. Ṣọ́ọ̀kù tòkunbọ̀ àti búṣìn tòkunbọ̀, rárá. Rọ́bà ń gbó níbi tó bá wà, ì báà jẹ́ orí igbá, ẹ kò sì lè fi ojú rí ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kù. KYB fún ṣọ́ọ̀kù àti 555 fún bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni orúkọ tí àwọn mẹkáníìkì wa máa ń dá, àmọ́ orúkọ tó bá ta dáadáa ni àwọn oníayédèrú máa ń tẹ̀ sára páálí tiwọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ lẹ́tà ara irin, kì í ṣe ti páálí nìkan. Ẹ gba rìsíìtì.

Ẹ rántí ra àwọn wẹẹrẹ tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé:

- rọ́bà ìbòrí ṣọ́ọ̀kù àti rọ́bà tó ń gba ìkọlù lábẹ́ máúńtìnì
- máúńtìnì fúnra rẹ̀, bí ti àtijọ́ bá ti sán
- nọ́ọ̀tì tuntun fún gbogbo ibi tí nọ́ọ̀tì onírọ́bà wà, nítorí wọn kì í mú dáadáa mọ́ lẹ́ẹ̀kejì
- sípílíìtì pín tuntun. Èyí tí ẹ tú kúrò, ẹ jù ú nù

Irinṣẹ́

- jáàkì tó lágbára àti sítáǹdì méjì
- òkúta tàbí igi tí a ó fi dí táyà ẹ̀yìn
- pákó tó nípọn
- sọ́kẹ́ẹ̀tì, sípánà, álẹ́ǹkíì
- kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sípíríǹgì (èyí tó ń fún sípíríǹgì pọ̀), méjì
- òòlù tó wúwo, ọ̀pá irin gígùn
- WD-40, búrọ́ọ̀ṣì wáyà, ṣọ́ọ̀kì, téèpù ìwọnlẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́
- sípánà oníwọ̀n, èyí tí wọ́n ń pè ní torque wrench

Sípánà oníwọ̀n ni àwọn èèyàn wa kì í kà sí. "Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n," ni wọ́n máa ń wí. Ọwọ́ tó jẹun yó àti ọwọ́ tí ebi ń pa kì í fún nọ́ọ̀tì bákan náà. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ yá a. Iye tí ẹ máa fún nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé àtúnṣe ọkọ̀ yín; ẹ má fi ti Camry ṣe ti Corolla.

Gbígbé ọkọ̀ sókè

Yanrìn ló pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wa, pàápàá apá Ìgbógbo àti Bàyékù. Jáàkì tó dúró lórí yanrìn á máa rì díẹ̀díẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ títí yóò fi fì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

1. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú tó sì le. Bí kò bá sí, ẹ tẹ́ pákó sábẹ́ jáàkì àti sábẹ́ sítáǹdì.
2. Ẹ fa háńdì-bírẹ́kì, ẹ fi gíà sí P tàbí gíà kìíní, kí ẹ dí táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn.
3. Ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀.
4. Ẹ gbé e sókè láti ibi tí ọkọ̀ ní fún jáàkì. Ẹ gbé iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan lẹ fẹ́ ṣe. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá wà nílẹ̀ tí èkejì rọ̀ sílẹ̀, ọ̀pá sitábíláísà á fún ara rẹ̀, á sì máa bá yín jà nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ líńkéèjì.
5. Ẹ gbé sítáǹdì sí i, kí ẹ sọ jáàkì kalẹ̀ kí ọkọ̀ lè jókòó lé e lórí. Ẹ ti ọkọ̀ ní tipátipá kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀; bó bá máa ṣubú, kó ṣubú nígbà tí ẹ wà níta.

Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe sítáǹdì. Ó lè gbé ọkọ̀ láti àárọ̀ kó sì fọ́ yángá lójijì nírọ̀lẹ́. Rììmù táyà tí a dà délẹ̀ sàn díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aláàbò kejì, àmọ́ òun nìkan kò tó.

Ṣọ́ọ̀kù iwájú

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí kí ẹ tó mú sípánà. Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó yí orí ṣọ́ọ̀kù ká, àti ẹyọ kan tó tóbi láàárín gbùngbùn. Ẹ má fọwọ́ kan ti àárín. Òun nìkan ló di sípíríǹgì mú, sípíríǹgì yẹn sì ti fún pọ̀ pẹ̀lú agbára tó lè pa èèyàn. Ó ti fọ́ àgbọ̀n, ó sì ti pa àwọn kan. Àwọn mẹ́ta tó yí i ká ni ti yín.

1. Ẹ tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta náà díẹ̀, ẹ má yọ wọ́n tán.
2. Ẹ yọ táyà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tí ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kù ti pàdé nọ́kùlù, kí ẹ sì sàmì sí orí bóòtì méjèèjì. Ìlà yẹn ni ẹ máa fi dá a padà síbi tó wà.
3. Ẹ tú rọ́bà bírẹ́kì àti wáyà ABS kúrò lára ṣọ́ọ̀kù.
4. Ẹ tú líńkéèjì. Bí ojú rẹ̀ bá ń yí tẹ̀lé nọ́ọ̀tì, ẹ fi álẹ́ǹkíì dì í mú láàárín.
5. Ẹ fi wáyà so nọ́kùlù mọ́ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó yọ bóòtì méjì ńlá náà. Bó bá ṣubú síta, ṣáfúùtì, ọ̀pá tó ń yí táyà, lè fà yọ kúrò nínú gíà, ọ́ìlì gíà á dà sílẹ̀, rọ́bà bírẹ́kì á sì nà.
6. Ẹ fi òòlù gbá bóòtì jáde pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, kí nọ́ọ̀tì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ kó má ba ojú okùn rẹ̀ jẹ́.
7. Kí ẹnìkan di ṣọ́ọ̀kù mú nísàlẹ̀ bí ẹ ṣe ń yọ nọ́ọ̀tì mẹ́ta tòkè.

Ṣọ́ọ̀kù ti wà nílẹ̀ báyìí pẹ̀lú sípíríǹgì lára. Ẹ gbé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ méjèèjì sí i kí wọ́n kọjú síra, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, èkejì ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹ fún wọn ní àfúnpadà: díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí sípíríǹgì á fi yí lọ́wọ́ yín nínú àwo rẹ̀. Ìgbà yẹn nìkan ni nọ́ọ̀tì àárín di ti yín. Ẹ má kọjú orí rẹ̀ sí ara yín tàbí sí ọmọ iṣẹ́ tó dúró ń wòran.

Ẹni tó bá fi okùn tàbí ṣéènì so sípíríǹgì dípò kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ọ̀nà méjì ló wà: ẹ gbé ṣọ́ọ̀kù náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní in, tàbí kí ẹ ra èyí tí wọ́n ti to sípíríǹgì àti máúńtìnì sí lára tán. Owó ìkejì ga, àmọ́ ìyọnu rẹ̀ kéré.

Títo tuntun:

8. Ẹ gbé ṣọ́ọ̀kù tuntun dúró lóòró, kí ẹ fa irin rẹ̀ jáde kí ẹ sì tì í wọlé ní ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ tó bá wọ inú ọ́ìlì nígbà tí wọ́n dùbúlẹ̀ rẹ̀ sínú páálí á kúrò.
9. Ẹ má fi púláyà di irin dídán yẹn mú láéláé. Eyín púláyà á ha á, ibi tó ha yẹn á gé síìlì, ọ́ìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.
10. Ẹ to rọ́bà ìbòrí àti rọ́bà ìkọlù sí i. Ìparí sípíríǹgì gbọ́dọ̀ jókòó sínú ihò tó wà fún un nínú àwo ìsàlẹ̀. Bó bá gorí rẹ̀, á máa pariwo.
11. Ẹ fi ọwọ́ àti sípánà fún nọ́ọ̀tì àárín, kì í ṣe ìbọn afẹ́fẹ́. Ìbọn á yí irin náà bíríbírí láti inú wá.
12. Ẹ tú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ní àfúnpadà, bí ẹ ṣe fún un.
13. Ẹ dá a padà sínú ọkọ̀: nọ́ọ̀tì mẹ́ta tòkè ní ọwọ́, bóòtì méjì tìsàlẹ̀, ẹ mú ìlà ṣọ́ọ̀kì bára mu, kí ẹ tó wá fún gbogbo wọn.
14. Ẹ so rọ́bà bírẹ́kì àti wáyà ABS padà. Ẹ yí sítíárìn lọ dé òpin lápá méjèèjì kí ẹ sì wò ó pé rọ́bà bírẹ́kì kò lọ́, kò fà, kò fi ara kan táyà.

Lówà áàmù àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fọn WD-40 sí gbogbo bóòtì. Omi òjò tí ọkọ̀ wa ń rìn nínú rẹ̀ láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹwàá ti jẹ́ kí bóòtì àti irin búṣìn di ara kan.

1. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè, ẹ fi téèpù wọn láti àárín hóbù táyà lọ sókè dé etí fẹ́ńdà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Ẹ máa nílò rẹ̀.
2. Ẹ gbé iwájú méjèèjì sókè, ẹ yọ táyà, ẹ tú líńkéèjì bó bá so mọ́ áàmù.
3. Lára Corolla àti Camry, bóòtì kan àti nọ́ọ̀tì méjì ló so bọ́ọ̀lù jọ́ìntì mọ́ lówà áàmù. Bó bá jẹ́ áàmù nìkan lẹ ń pààrọ̀, ẹ tú mẹ́ta yìí, kí ẹ fi bọ́ọ̀lù jọ́ìntì sílẹ̀ lára nọ́kùlù.
4. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́ yọ, ẹ yọ sípílíìtì pín, ẹ tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ lẹ́nu okùn. Ẹ wá fi òòlù gbá ẹ̀gbẹ́ irin nọ́kùlù tó yí i ká. Ẹ má gbá ẹnu okùn rẹ̀. Á jáde pẹ̀lú ariwo "pá" kan.
5. Ẹ yọ bóòtì búṣìn méjèèjì. Lára ọkọ̀ kan, gíà máa ń dí ojú bóòtì kan, a sì ní láti sọ irin tó gbé ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, mo mọ̀, àmọ́ ẹ má gbà kí wọ́n fi iná gé bóòtì yẹn.
6. Ẹ to áàmù tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ nílẹ̀. Gígùn, ìtẹ̀kọdọ̀, ihò: gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba.
7. Ẹ ki áàmù tuntun wọlé. Ẹ fi bóòtì búṣìn méjèèjì sí i, ẹ fún un kó kàn mú lásán. Ẹ dúró níbẹ̀.
8. Ẹ nu ibi tí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ń wọ̀ nínú nọ́kùlù kó gbẹ. Gírísì kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Ẹ fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dé ìwọ̀n, kí ẹ fi sípílíìtì pín tuntun sí i. Bí ihò kò bá bára mu, ẹ fún un síwájú díẹ̀ sí i. Ẹ má tú u padà sẹ́yìn.

Búṣìn: ibi tí owó yín ń bá lọ

Ìgbésẹ̀ keje lókè yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi.

Inú búṣìn ni irin kékeré kan wà tó dà bí páìpù. Rọ́bà lẹ̀ mọ́ ọn yí ká, rọ́bà náà sì tún lẹ̀ mọ́ áàmù. Nígbà tí ẹ bá fún bóòtì pa, irin kékeré yẹn á dúró gbọn-in mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Kò ní yí mọ́. Láti ìgbà náà lọ, bí áàmù bá gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà ló ń lọ́. Kò sí ohun tó ń yọ̀ níbẹ̀, rọ́bà nìkan ló ń lọ́ tó sì ń padà.

Ẹ wá wò ó. Ọkọ̀ wà lókè lórí sítáǹdì, áàmù rọ̀ sílẹ̀ pátápátá. Mẹkáníìkì mú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fún bóòtì pa. Rọ́bà ti gbà pé ibi tí òun ń gbé nìyẹn. Wọ́n sọ ọkọ̀ sílẹ̀, áàmù gòkè, rọ́bà sì ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ìṣísẹ̀ kan. Kòtò àkọ́kọ́ lọ́nà Ìtóìkín á tún fi kún un. Nínú oṣù díẹ̀, rọ́bà á ya.

Èyí tí mo tú láìpẹ́ yìí, ọ̀dà dúdú ilé iṣẹ́ ṣì ń dán lára áàmù, nọ́ńbà rẹ̀ ṣì hàn ketekete. Rọ́bà búṣìn ti ya yí irin àárín ká láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ lè ki ìka sí i, etí ibi tó ya sì rí jákujàku. Búṣìn tó gbó fúnra rẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú.

Nítorí náà, báyìí ni kí ẹ ṣe é:

- Bí ẹ bá ní kòtò iṣẹ́ tàbí ráàmù: ẹ dá táyà padà, ẹ sọ ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ mì í sókè sódò lẹ́ẹ̀mélòó kan kó lè jókòó, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ sì fún bóòtì búṣìn dé ìwọ̀n.
- Bí ẹ kò bá ní in: ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí sítáǹdì. Ẹ gbé jáàkì sábẹ́ lówà áàmù, nítòsí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, kí ẹ gbé e díẹ̀díẹ̀ títí ìwọ̀n àárín hóbù sí etí fẹ́ńdà yóò fi bá èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ mu. Ẹ máa wo sítáǹdì bí ẹ ṣe ń gbé e; ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fò kúrò lórí rẹ̀. Ẹ wá fún bóòtì dé ìwọ̀n.

Bóòtì tó bá gba inú rọ́bà kọjá ni òfin yìí wà fún: búṣìn lówà áàmù, ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn, búṣìn irin ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, táì-rọ́ọ̀dù, líńkéèjì oníbọ́ọ̀lù, bóòtì méjì ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kù iwájú àti mẹ́ta òkè rẹ̀, ẹ lè fún ìwọ̀nyí nígbà tí ọkọ̀ wà lókè.

Bí mẹkáníìkì yín bá ní "Alhaja, ẹ má wòó, ó ti le," ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u díẹ̀, ẹ sọ mọ́tò sílẹ̀, kí ẹ tún un fún lójú mi." Kò gba ìdajì wákàtí. Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú.

Táì-rọ́ọ̀dù àti líńkéèjì

Táì-rọ́ọ̀dù: ẹ ka iye ìgbà tí ó yí kó tó jáde lẹ́nu okùn, kí ẹ yí tuntun wọlé níye kan náà. Aláíńmẹ́ǹtì kò ní pé pérépéré, àmọ́ ọkọ̀ á lè rìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa ṣe é.

Líńkéèjì: iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀, ẹ tú, ẹ so, ó parí.

Ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn

Ẹ gbé jáàkì sábẹ́ irin ẹ̀yìn kí ẹ tó tú bóòtì ìsàlẹ̀. Lára àwọn ọkọ̀ kan, ṣọ́ọ̀kù ló ń dá irin yẹn dúró kó má rọ̀ jù. Bí ẹ bá yọ ọ́ lójijì, irin á já sílẹ̀, á sì fa rọ́bà bírẹ́kì. Ẹ fún bóòtì ìsàlẹ̀ dé ìwọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá ti jókòó sórí táyà.

Àwọn ọgbọ́n tí mi ò fọwọ́ sí

Owó kò sí, mo mọ̀. Síbẹ̀:

- Kí wọ́n lu ṣọ́ọ̀kù ní ihò, kí wọ́n da ọ́ìlì sí i, kí wọ́n fi wẹ́ẹ̀dì dí i. Gáàsì wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kù. Iná wẹ́ẹ̀dì lè bú u gbàmù.
- Kí wọ́n fi wẹ́ẹ̀dì mú bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó ti dẹ̀. Bó bá já lórí eré, táyà á dojú dé.
- Kí wọ́n ki rọ́bà sáàárín sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè ga. Ọ̀nà tí sípíríǹgì fi ń ṣiṣẹ́ ló dí yẹn.

Bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti táì-rọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, nítorí àwọn ló di táyà mú. Búṣìn tẹ̀ lé e; ẹ lè ra búṣìn nìkan kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọ áàmù àtijọ́, bí áàmù kò bá tẹ̀. Ṣọ́ọ̀kù tẹ̀ lé e. Líńkéèjì lè pariwo títí di oṣù tó ń bọ̀.

Kí ẹ tó wakọ̀ lọ

- Bí ẹ bá tú kálípà, irin tó ń fún bírẹ́kì pọ̀, ẹ tẹ bírẹ́kì títí yóò fi le lẹ́sẹ̀ yín kí ẹ tó fi gíà sí i.
- Ẹ fún nọ́ọ̀tì táyà ní ìdojúkọra, kì í ṣe yípo. Ti Corolla àti Camry jẹ́ 103 Nm lórí sípánà oníwọ̀n. Ti Accord àti Civic jẹ́ 108 Nm.
- Ẹ ka irinṣẹ́ yín. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ṣẹ́ kù ń bẹ nínú ọkọ̀.

Ẹ rọra wà á ládùúgbò lákọ̀ọ́kọ́, kí gíláàsì wà nísàlẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ṣe aláíńmẹ́ǹtì lọ́jọ́ yẹn tàbí ọjọ́ kejì, lórí ẹ̀rọ, kì í ṣe ti ojú lásán. Ẹni tó bá pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù iwájú, lówà áàmù tàbí táì-rọ́ọ̀dù tí kò ṣe é, táyà ló máa fi san án: ẹ̀gbẹ́ kan á jẹ tán kí ẹ tó fura. Ẹ kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ sí táyà dé ìwọ̀n lọ́dọ̀ fọganáísà, nítorí ẹ̀rọ kò lè wọn ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ kan rọ̀.

Lẹ́yìn bíi 80 sí 100 kìlómítà, ẹ tún fi sípánà oníwọ̀n kan nọ́ọ̀tì táyà. Bí ariwo kọ̀ kọ̀ bá ṣì wà, nọ́ọ̀tì líńkéèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́ta orí ṣọ́ọ̀kù.